Koríko Òkun Nínú Àpótí Gíláàsì: Ohun Tó Gbà ní Nzeng-Ayong

Ẹni tó bá fẹ́ kí koríko òkun kú mọ́ òun lọ́wọ́ kò ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe. Kó sáà máa tọ́jú omi bí ẹni tó ń sin ẹja: kó máa sẹ́ ẹ, kó máa pààrọ̀ rẹ̀, kó rí i pé ó mọ́ gaara, kó wá da yanrìn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí ìsàlẹ̀ fún ẹwà. Kò ní pẹ́ rárá tí ewé á fi rọ, tí á já, tí gbòǹgbò á sì rà. Koríko ni koríko òkun. Inú ilẹ̀ ló ti ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀, ilẹ̀ yẹn ló sì yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ rò kó tó ra ohunkóhun.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni bóyá ẹni tó ń gbé Nzeng-Ayong, ní ìpín kẹfà ìlú Libreville, lè gbìn ín sínú ilé kó sì yè. Nzeng-Ayong kì í ṣe etíkun. Àdúgbò èrò ni, ilé olórùlé páànù kún ibẹ̀, ọmọ Gabon àti àlejò láti Benin, Togo, Kamẹrúùnù, Mali àti Nàìjíríà jọ ń gbé e. Iná a máa lọ, omi ẹ̀rọ a sì máa dá. Lójú ẹni tó bá ti ka ìwé àwọn Òyìnbó lórí àpótí omi oníyọ̀, kò síbi tó burú tó o. Èmi ò gbà. Èrò mi ni pé ó rọrùn níbẹ̀ ju London lọ, bí èèyàn bá yan irú koríko tó tọ́, tó sì gbàgbé ọ̀rọ̀ iyùn ààyè pátápátá.

Ẹ jẹ́ ká ya ohun méjì sọ́tọ̀ ná. Ewé òkun tó ń yọ̀, tó ń lẹ̀ mọ́ àpáta, tí ìgbì sì ń kó wá sí etí omi, kò ní gbòǹgbò, kì í sì í tanná. Gbogbo ara rẹ̀ ló fi ń fa oúnjẹ láti inú omi. Koríko òkun ní gbòǹgbò, ó ní ìtàkùn tó ń rìn lábẹ́ yanrìn, ó ń tanná lábẹ́ omi, omi ló sì ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó rẹ̀ láti ara akọ lọ bá abo. Orí ilẹ̀ ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ń gbé tẹ́lẹ̀. Ó ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 100 ọdún tí wọ́n padà wọ òkun. Àwa tó mọ ojúoró àti òṣíbàtà, tí orí omi aláìníyọ̀ jẹ́ ilé wọn, kì í sábà rí eléyìí, nítorí pé ìsàlẹ̀ ló ń fara pamọ́ sí. Irú rẹ̀ tó wà láyé kò ju nǹkan bí 70 lọ. Síbẹ̀, agbára ìtàkùn rẹ̀ kọjá àfẹnusọ: ní 2022, àwọn onímọ̀ kéde pé ní Shark Bay, ní Ọsirélíà, pápá koríko kan tó gùn tó kìlómítà 180 jẹ́ ẹyọ koríko kan ṣoṣo, tó ti ń ta ìtàkùn láti nǹkan bí ọdún 4,500 sẹ́yìn.

Àìmọ̀ ìyàtọ̀ yìí ń ná àwọn èèyàn lówó. Ewé òkun kan wà, Caulerpa prolifera, tí ewé rẹ̀ rí pẹlẹbẹ, tó sì ń rákò lórí yanrìn. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ wò ó á rà á sílé bíi koríko. Ó ń hù, kò ṣòro, àmọ́ kì í ṣe òun là ń sọ.

Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó pẹ́ kí wọ́n tó fojú sí koríko yìí. Iṣẹ́ tí wọ́n pè ní ResilienSEA, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, ló kó orílẹ̀-èdè méje pọ̀, láti Mauritania dé Sierra Leone pẹ̀lú Cape Verde, láti mọ ibi tí pápá wọn wà. Irú koríko mẹ́ta ló yẹ ká dárúkọ. Zostera noltii ò kọjá Banc d'Arguin ní Mauritania. Cymodocea nodosa wá sísàlẹ̀ dé agbègbè Senegal. Halodule wrightii ló rìn jìnnà jù, ó ń hù níhìn-ín lóhùn-ún títí dé Angola. Ní 2017 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàpèjúwe pápá rẹ̀ ní São Tomé àti Príncipe, àwọn erékùṣù tó wà ní ọwọ́ ìwọ̀-oòrùn Gabon. Ní àríwá Libreville, ìyawọ́ òkun Corisco, tí Gabon àti Equatorial Guinea jọ ni, jẹ́ ibi tí àjàpá òkun aláwọ̀ ewé ti ń wá oúnjẹ; bí àjàpá yẹn bá sì ti dàgbà, koríko àti ewé òkun ni oúnjẹ rẹ̀.

Kí ló dé tí èèyàn kì í rí i ní Èkó, Cotonou tàbí Lomé bó ṣe ń rí i ní Senegal? Ìgbì tó ń bì lu etíkun wa le, yanrìn ibẹ̀ kì í dúró lójú kan, ẹrẹ̀ tí odò ń gbé wá sì ń dí ojú oòrùn. Ẹnu odò Komo tó wà níwájú Libreville gan-an kún fún ẹrẹ̀. Ohun mẹ́ta yìí, ìgbì, yanrìn tó ń ṣí kiri àti omi tó ṣókùnkùn, kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí gíláàsì. Ìyẹn ni pé ohun tó ń dí koríko yìí lọ́wọ́ lóde, èèyàn lè mú un kúrò nínú ilé.

Halodule náà ni mo máa yàn. Thalassia testudinum, tí ewé rẹ̀ fẹ̀, tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn, ń hù díẹ̀díẹ̀, ó sì fẹ́ ilẹ̀ tó jinlẹ̀ gan-an. Agbami Caribbean ni ilé rẹ̀, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa. Zostera marina ti Yúróòpù fẹ́ omi tútù, ẹni tó bá gbé e wá sí Libreville á máa ná owó lórí ẹ̀rọ atutù láìsinmi. Ṣùgbọ́n Halodule ti mọ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ láti ìbí rẹ̀. Ẹ mú ẹyọ kan sọ́wọ́, ẹ wò ó. Ewé rẹ̀ tín-ín-rín, fífẹ̀ rẹ̀ kì í sábà ju mìlímítà kan sí méjì lọ, gígùn rẹ̀ sì lè tó ìka ọwọ́ tàbí kó jù bẹ́ẹ̀. Ẹ fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo ṣóńṣó ewé tí kò tíì ya: eyín kékeré méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, àárín wọn sì ṣe kòtò. Ìtàkùn rẹ̀ ní oríkèé. Láti oríkèé kọ̀ọ̀kan ni gbòǹgbò ti ń bọ́ sísàlẹ̀, tí ìdì kan tó ní ewé bíi méjì sí mẹ́rin sì ń yọ sókè. Ní ìkángun ìtàkùn náà ni ojú funfun ṣóńṣó kan wà tó ń wá ọ̀nà síwájú. Ojú yẹn ni ẹ̀mí rẹ̀. Ìtàkùn tí ojú rẹ̀ bá ti ṣẹ́ kì í fẹ́ rìn mọ́.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló kàn, orí rẹ̀ ni màá sì pẹ́ sí. Fún Halodule, mi ò lè fọwọ́ sí yanrìn tí kò jìn tó sẹ̀ǹtímítà 10. Ẹni tó bá fi dandan lé Thalassia, kó ṣe 15 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀. Yanrìn fínfín ni, kì í ṣe òkúta wẹ́wẹ́, kí ẹrẹ̀ òkun díẹ̀ sì wà nínú ìpele ìsàlẹ̀. Ibi tí ẹ̀rù ti máa ń ba àwọn tó ń sin iyùn nìyí, nítorí wọ́n mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilẹ̀ jíjìn. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kì í wọlé ju orí yanrìn lọ. Nísàlẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí ń lo ìmí-ọjọ́ tó wà nínú omi òkun dípò ọ́síjìn, gáàsì sọ́fáídì tó ní òórùn ẹyin díbàjẹ́ sì ń jáde. Májèlé ni fún gbòǹgbò. Bí ilẹ̀ bá dúdú tí òórùn yẹn sì ń bọ̀, olùsin iyùn á sọ pé ẹ kó gbogbo rẹ̀ dànù.

Koríko òkun ní tirẹ̀ ní ète kan fún un. Àwọn ihò gígùn wà nínú ewé àti ìtàkùn rẹ̀. Bí oòrùn bá ń ràn, ọ́síjìn tí ewé ń ṣe ń gba inú ihò wọ̀nyẹn dé gbòǹgbò, ó sì ń jò jáde díẹ̀ sínú yanrìn tó yí gbòǹgbò ká. Sọ́fáídì tó bá pàdé rẹ̀ níbẹ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n bí ìmọ́lẹ̀ bá kéré fún ọjọ́ mélòó kan, ọ́síjìn ò ní dé ìsàlẹ̀ mọ́, sọ́fáídì á wọ gbòǹgbò, koríko á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú láti ìdí. Ẹni tó ni ín á máa wọn iyọ̀ inú omi kiri, kò ní mọ̀ pé iná orí àpótí rẹ̀ ló ń pa á.

Ẹ̀dá mìíràn náà ń bá koríko yìí ṣiṣẹ́. Ní 2012, ìwé ìròyìn Science gbé iṣẹ́ Tjisse van der Heide àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jáde, tó fi hàn pé àwọn ẹran kéékèèké olókarahun méjì tí wọ́n ń pè ní lucinid ń gbé láàárín gbòǹgbò koríko òkun, wọ́n sì ní kòkòrò àìfojúrí nínú ẹ̀yà ara tí wọ́n fi ń mí, tó ń fi sọ́fáídì ṣe oúnjẹ. Koríko fún wọn ní ilé àti ọ́síjìn, àwọn náà bá a gbé májèlé kúrò. Irin inú ilẹ̀ tún ń di sọ́fáídì mú kó má lè ṣe ibi. Ilẹ̀ pupa Libreville kún fún irin. Ẹ̀kúnwọ́ kan tí a gbẹ́ láti ibi tó mọ́, tí a fi sí ìsàlẹ̀ pátápátá lábẹ́ yanrìn, kò lè pa koríko yìí lára, mo sì rò pé á ràn án lọ́wọ́. Kí ẹ má sáà gbẹ́ ẹ lẹ́bàá ọ̀nà tí epo mọ́tò ń jò sí.

Ṣé ó yẹ kí a fi ajílẹ̀ sí i? Àwọn tó ń bọ̀ láti ìdí iyùn á ní ká má dán an wò, nítorí ìdọ̀tí omi ni ọ̀tá wọn. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Florida. Níbẹ̀, nínú àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ ri òpó mọ́ inú pápá koríko kí ẹyẹ lè máa bà lé e, kí ìgbẹ́ wọn sì máa bọ́ sínú omi. Koríko tó wà lábẹ́ òpó náà gbilẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, Halodule ti gba ibẹ̀ lọ́wọ́ Thalassia tó ni ín tẹ́lẹ̀. Halodule fẹ́ràn oúnjẹ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan yín. Ohun tó léwu ni kí a da ajílẹ̀ sínú omi, nítorí ewé yíyọ̀ ló máa kọ́kọ́ jẹ ẹ́, á sì bo koríko mọ́lẹ̀. Kí ajílẹ̀ oníhóró tó ń yòrò díẹ̀díẹ̀ wọ inú ilẹ̀ lọ, kí ó jìn tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, kí ó kéré. Ilẹ̀ ni ká bọ́, kí omi wà ní mímọ́ níwọ̀nba.

Lórí ìmọ́lẹ̀, àwọn òǹkọ̀wé ń bá ara wọn jiyàn, ṣùgbọ́n ìṣirò kan wà tí kò yí: koríko òkun nílò, ní ìṣirò gbogbogbò, nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ tó bá dé ojú omi, kódà àwọn kan fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí ọ̀pọ̀ ewé òkun lè fi ìdá kan péré gbé ayé. Libreville fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà tó pín ayé sí méjì, nítorí náà ọjọ́ kì í gùn, kì í sì í kúrú níbẹ̀. Wákàtí 12 ni yípo ọdún. Ẹni tó ní fèrèsé tó dojú kọ ìlà-oòrùn ti ní ìdajì iná tó fẹ́ rà. Ọ̀ràn kan ló wà níbẹ̀ tí ọmọ Yorùbá kì í fura sí. Bí wọ́n bá ti dárúkọ ẹ̀ẹ̀rùn, a máa ń ro oòrùn tó ń jó ní gbangba. Ní Libreville, ẹ̀ẹ̀rùn gígùn tó ń bẹ̀rẹ̀ ní Òkúdù tí ó sì ń parí nínú Ọ̀wẹwẹ̀ ni àkókò tí ojú ọ̀run ń ṣú jù, tí ojú ọjọ́ ń tutù, tí oòrùn kì í sábà yọjú. Òjò ò rọ̀, ìmọ́lẹ̀ ò sí. Oṣù wọ̀nyẹn ni koríko ojú fèrèsé máa ń rẹ̀wẹ̀sì, àfi kí iná LED funfun ràn án lọ́wọ́ fún bíi wákàtí 10. Ní ti Ẹrẹ́nà àti Igbe, ìṣòro òdì kejì ló wà: oòrùn tààrà lórí gíláàsì kékeré nínú yàrá olórùlé páànù lè mú omi gbóná kọjá ìwọ̀n Celsius 35, èyí tí koríko náà ò ní lè fara dà pẹ́. Aṣọ fèrèsé fẹ́lẹ́ lọ́sàn-án á tó o.

Ẹ̀ẹ̀rùn yẹn kan náà ló dára jù láti lọ pọn omi òkun, torí pé odò ò kún, iyọ̀ inú omi kò sì dín kù. Kí ẹ má pọn ọ́n níwájú ìlú, níbi tí gọ́tà ń dà sí. Ẹ lọ sí ọ̀nà Cap Estérias nígbà tí omi bá ń kún bọ̀, kí ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ sì gbé e sínú òkùnkùn fún ọ̀sẹ̀ bíi méjì kí ẹrẹ̀ inú rẹ̀ lè rọlẹ̀. Iyọ̀ bíi gíráàmù 35 nínú lítà kan ni ti òkun gbangba, ṣùgbọ́n Halodule kì í ṣe aṣàyàn lórí èyí: ní Laguna Madre, ní Texas, inú omi tó níyọ̀ ju òkun lọ ló ń gbé. Ooru á máa fa omi kúrò nínú àpótí, iyọ̀ á sì dúró, nítorí náà omi aláìníyọ̀ ni a fi ń dí i. Òjò tó ń rọ̀ ní Libreville lọ́dún súnmọ́ mítà mẹ́ta, ó pọ̀ tó. Àmọ́ ẹ má gbe ti abẹ́ páànù: síǹkì tó ń yòrò lára páànù ń pa edé àti ìgbín omi. Ẹ ta ọ̀rá sí gbangba, kí ẹ gbe ọ̀gbàrá rẹ̀ níbẹ̀.

Wàyí o, iná. Ohun tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń béèrè nìyí, èmi sì gbà pé òun ló kéré jù nínú ìṣòro náà. Páǹpù ṣe pàtàkì níbi tí ẹja pọ̀. Níbi tí koríko pọ̀ tí ẹja sì kéré, koríko ló ń ṣe ọ́síjìn lọ́sàn-án, ilẹ̀ jíjìn sì ń jẹ ìdọ̀tí. Ní 1846, obìnrin kan tó ń jẹ́ Anna Thynne kó iyùn láti Torquay wá sí London, kò sì sí iná mànàmáná láyé ìgbà náà. Ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń fi ohun èlò kan da omi sínú èkejì lójú fèrèsé kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́. Ní Jakarta, Lee Chin Eng kọ̀wé ní 1961 nípa àpótí omi òkun tó fi òkúta ààyè, oòrùn àti ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ nìkan tọ́jú. Ìlú ilẹ̀ olóoru ni Jakarta náà. Ewu tó wà ni òru, nítorí pé lóru koríko náà ń mí, ó ń gba ọ́síjìn padà lọ́wọ́ ẹja. Páǹpù afẹ́fẹ́ kékeré tó ń lo bátìrì á gbé e dé òwúrọ̀. Bí kò bá sí, igbá kan àti ọwọ́ ẹni, bíi ti ọmọ ọ̀dọ̀ Thynne. Mi ò rí ìdí tí èèyàn á fi tan jẹnẹrétọ̀ nítorí koríko.

Gbígbìn rẹ̀ dà bí ìgbà tí a bá ń gbin ìtàkùn ọ̀dùnkún. Ẹ gé ìtàkùn tó ní ìdì ewé mẹ́ta sí márùn-ún, tí ojú rẹ̀ ṣì wà lórí. Aṣọ tí a fi omi òkun rin ni kí ẹ fi wé e nígbà tí ẹ bá ń gbé e bọ̀. Bí gbòǹgbò bá gbẹ, ó tán. Ẹ fi ìka la ojú ilẹ̀, kí ẹ tẹ́ ìtàkùn náà sínú rẹ̀ ní ìbú, kí ẹ bò ó mọ́lẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì, kí ojú funfun yẹn kọjú sí ibi tó ṣófo. Okùn ike tí a tẹ̀ bí ìwọ̀ á dì í mú kó má léfòó. Lẹ́yìn náà, ẹ fi í sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin àkọ́kọ́, ewé tó bá a wá á máa já, omi á sì kún fún ìràwé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fà á tu níbi yìí láti wò ó bóyá ó ti kú. Ẹ kó ìràwé náà kúrò, kí ẹ má fọwọ́ kan ilẹ̀. Bí ewé tuntun bá yọ, tí hóró afẹ́fẹ́ kéékèèké sì ń gòkè láti ara rẹ̀ lọ́sàn-án, ọ̀rọ̀ ti yanjú.

Nípa ohun tí a máa fi sí i, ìgbín omi tó ń jẹ ewé yíyọ̀ lára gíláàsì, edé díẹ̀ àti ẹja wẹ́wẹ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ yẹra fún ẹja tó ń jẹ koríko àti ẹranko ẹlẹ́gùn-ún rìbìtì inú òkun, tí á jẹ ewé náà tán. Ẹ yẹra fún alákàn náà, nítorí ó ń wú ilẹ̀.

Ibi tí èèyàn á ti rí koríko náà ló le jù lójú tèmi, ju iná àti omi lọ. Akanda, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Libreville ní àríwá, jẹ́ ọ̀kan nínú ọgbà ìdáàbòbò 13 tí Gabon dá sílẹ̀ ní 2002. Ní 2017, wọ́n tún fi ibi ìdáàbòbò 20 kún un lójú òkun. Ẹni tó bá lọ hú koríko nínú wọn ń wá wàhálà àwọn ẹ̀ṣọ́, ó sì ń gba oúnjẹ lẹ́nu àjàpá. Àwọ̀n àwọn apẹja a máa fa ìtàkùn tu, ìgbì a sì máa gbé e wá sílẹ̀. Èyí tó ti tu ni ká wá, ká sì kọ́kọ́ béèrè àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn tó ń mójú tó ibẹ̀. Ẹ̀kúnwọ́ kan pọ̀ tó. Ìtàkùn mẹ́wàá tó yè á bo àpótí kan kí ọdún tó yí po, bí ilẹ̀ bá dára.

Bí ó bá wá pọ̀ jù, tàbí tí ẹni tó ni ín bá fẹ́ kó lọ sí ìlú míì, kí ó má dà á sí gọ́tà tàbí òkun. Ní 1984, wọ́n rí Caulerpa taxifolia lábẹ́ Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé Òkun tó wà ní Monaco, níbi tí wọ́n ti ń sin ín nínú àpótí. Kò pẹ́ tó fi bo ìsàlẹ̀ òkun lọ rẹpẹtẹ ní Mediterranean. Nígbà tí irú rẹ̀ yọ ní California ní 2000, ó gbà wọ́n dé 2006 kí wọ́n tó lè kéde pé ó ti tán. Halophila stipulacea, koríko òkun tòótọ́ láti Òkun Pupa, ti gba ọ̀nà Suez wọ Mediterranean. Ní 2002 ni wọ́n rí i ní Grenada, láti ibẹ̀ ló sì ti ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìbílẹ̀ Caribbean. Halodule tó jẹ́ ọmọ etíkun wa ò tó bẹ́ẹ̀ léwu, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi koríko tàbí ìgbín àjèjì dàpọ̀ mọ́ ọn ò lè sọ ohun tó wà nínú ẹrẹ̀ rẹ̀ mọ́. Kí ó kó gbogbo rẹ̀ sórí páànù títí tí á fi gbẹ pátápátá, kí ó sì da omi rẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbẹ tó jìnnà sí gọ́tà.